Ẹyẹ Bà Lé Wáyà, Kò Kú

Ìyá oníṣòwò kan l'ọ́jà Ìlobù bi mí pé, “Tíṣà, ẹyẹ ń bà lé wáyà iná, kò kú, kí ló dé tí ènìyàn fọwọ́ kàn án tí ó kú?”

Ẹ wo odò Erinlẹ̀ wa. Ó ń ṣàn lọ bá Ọ̀ṣun nítorí pé ibi tí ó ti ń bọ̀ ga ju ibi tí ó ń lọ. Bí ibi méjèèjì bá dọ́gba, omi a dúró. Irú ìyàtọ̀ bẹ́ẹ̀ láàrin ibi méjì nínú iná mànàmáná ni à ń fi fólítì wọ̀n. Bátìrì mọ́tò jẹ́ 12, iná inú ilé 230, wáyà tí ó ń bọ̀ wá bá tiransifọ́mà 11,000.

Ẹsẹ̀ ẹyẹ méjèèjì wà lórí wáyà kan ṣoṣo. Wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba, iná kò ríbi ṣàn sí. (Àdán ńlá tí apá rẹ̀ bá kan wáyà kejì, ó parí.) Ènìyàn ńkọ́? Ọwọ́ lókè, ẹsẹ̀ nílẹ̀: ara rẹ̀ di ipadò.

Wáyà tí ó já sílẹ̀ ló burú jù. Ilẹ̀ àyíká rẹ̀ kò dọ́gba mọ́. Fólítì ń dínkù bí a ti ń jìnnà sí i. Ẹsẹ̀ iwájú lè wà lórí púpọ̀, kí tẹ̀yìn wà lórí díẹ̀. Ohun tí ó ń pa màlúù nìyẹn, láìfara kan wáyà rárá.

Bí ẹ bá bá ara yín nítòsí rẹ̀, ẹ má sáré, ẹ má la ẹsẹ̀. Ẹ so ẹsẹ̀ pọ̀, kí ẹ máa wọ́ ọ nílẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí ẹ ó fi jìnnà. Igi kọ́ ni ẹ ó fi gbé e kúrò. Ẹ ké sí àwọn oníná.