Bí Kọ̀ǹténà Ṣe Wá Ní Ibi Ìpamọ́

Kọ̀ǹténà inú kọ̀ǹpútà kò ṣòro láti pa, kò sì ṣòro láti gbé òmíràn dìde rọ́pò rẹ̀. Torí bẹ́ẹ̀ gan-an ni wọ́n ṣe dá a. Àpótí kan ni tí a di prógíráàmù sí pẹ̀lú gbogbo ohun tó nílò, kó lè ṣiṣẹ́ bákan náà níbikíbi tí a bá gbé e sí. Solomon Hykes fi Docker han aráyé ní oṣù kẹta ọdún 2013, òun ló sì sọ kọ̀ǹténà di ohun tí gbogbo ayé ń lò. Nígbà tó di oṣù kẹfà ọdún 2014, Google gbé Kubernetes jáde láti máa darí àwọn kọ̀ǹténà yìí lórí ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà. Joe Beda, Brendan Burns àti Craig McLuckie ló pilẹ̀ rẹ̀. Bí kọ̀ǹténà kan bá kú, Kubernetes á bí òmíràn lójú ẹsẹ̀.

Ṣùgbọ́n ká ní ilé ẹ̀kọ́ kan ní Ìfọ̀ kó èsì ìdánwò àwọn ọmọ sínú kọ̀ǹténà bẹ́ẹ̀ ńkọ́? Tàbí ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kan ní Ìbàfo ń kọ owó tí ọmọ ẹgbẹ́ dá sínú rẹ̀? Ohun tó bá wà nínú kọ̀ǹténà nìkan, ọjọ́ tí kọ̀ǹténà bá kú ló bá a lọ.

Ọ̀nà àbáyọ ti wà nígbà tí ẹ̀dà 1.0 ti Kubernetes jáde ní oṣù keje ọdún 2015, àmọ́ ó ń ni èèyàn lára. Alábòójútó ní láti fọwọ́ ara rẹ̀ dá dísìkì sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, kó fi wọ́n han Kubernetes ní PersistentVolume. Ẹni tó kọ prógíráàmù á wá mú ìbéèrè tirẹ̀ wá, PersistentVolumeClaim, Kubernetes á sì wá dísìkì tó bá a mu fún un. Ẹni tó bá ti ra ilẹ̀ rí ní Mòwé á mọ bó ṣe rí: àwọn onílẹ̀ ti gé púlọ́ọ̀tì sílẹ̀ kí oníbàárà tó dé, bó bá sì jẹ́ odidi nìkan ló kù, odidi ni ẹni tí ààbọ̀ tó máa gbà. Ẹni tó béèrè gígábáìtì 5 lè bá ara rẹ̀ lórí dísìkì 100, ẹlòmíràn kò sì ní lè fọwọ́ kan 95 tó ṣẹ́ kù. Bí kò bá sí èyí tó tóbi tó, ìbéèrè á jókòó títí alábòójútó á fi ráyè.

Ní oṣù kẹta ọdún 2016, ẹ̀dà 1.2 dán ohun tuntun wò: kí ìbéèrè fúnra rẹ̀ dá dísìkì sílẹ̀. Kò tíì sí yíyàn nínú rẹ̀. Oṣù kẹsàn-án ọdún kan náà, nínú ẹ̀dà 1.4, ni StorageClass dé. Láti ìgbà náà, kò pọn dandan kí alábòójútó máa gé dísìkì mọ́. Ìlànà ló ń kọ, ọ̀kan fún dísìkì tó yára, òmíràn fún èyí tí owó rẹ̀ kò pọ̀, pẹ̀lú orúkọ sọ́fítíwíà tí yóò lọ dá a. Ẹni tó ń béèrè á dárúkọ ìlànà àti iye tó fẹ́, kò sì ní pẹ́ tí dísìkì á fi dé. Ẹ̀dà 1.6, ní oṣù kẹta ọdún 2017, fìdí ọ̀nà yìí múlẹ̀. Saad Ali àti Michelle Au ti Google, pẹ̀lú Jan Šafránek ti Red Hat, wà lára àwọn tó ṣiṣẹ́ náà.

Yíyára rẹ̀ kọ́ ló wú mi lórí jù. Ẹni tó ń béèrè kò ní láti mọ ẹni tó ni dísìkì tàbí ibi tó wà. Ìbéèrè kan náà á ṣiṣẹ́ ní Cape Town, á ṣiṣẹ́ nínú yàrá kan ní Mòwé.

Àléébù kan kọ́kọ́ yọjú. Wọ́n lè dá dísìkì sí ibùdó kan, kí kọ̀ǹténà bọ́ sí òmíràn, kí ọwọ́ wọn má sì kan ara wọn. Ẹ̀dà 1.12, ní ọdún 2018, tún un ṣe: dísìkì lè dúró kí a kọ́kọ́ mọ ibi tí kọ̀ǹténà ń lọ.

Fún àwa tí a wà ní Nàìjíríà níhìn-ín, ibi tí dísìkì wà ṣì ṣe pàtàkì. AWS ti ilé iṣẹ́ Amazon ṣí ibùdó ńlá sí Cape Town ní ọdún 2020. Nígbà tí wáyà abẹ́ òkun já nítòsí Côte d'Ivoire ní oṣù kẹta ọdún 2024, íntánẹ́ẹ̀tì dẹnu kọlẹ̀ ní ọ̀pọ̀ ibi ní Nàìjíríà, ó sì ṣòro láti dé ọ̀dọ̀ dátà tó wà lókè òkun. Ẹni tó bá fẹ́ kí tirẹ̀ wà nítòsí lè lo K3s, Kubernetes kékeré tí ilé iṣẹ́ Rancher gbé jáde ní ọdún 2019. Ohun tó ń dá ibi ìpamọ́ sílẹ̀ wà nínú rẹ̀, local-path, ṣùgbọ́n orí kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo ló ń kó dátà sí. Bí iná bá ba kọ̀ǹpútà yẹn jẹ́, dátà lè bá a lọ. Mi ò ní gbà kí ẹnikẹ́ni fi èsì àwọn ọmọ síbẹ̀. Longhorn, ohun mìíràn tó ń dá ibi ìpamọ́ sílẹ̀ fún Kubernetes, sàn jù, torí ó lè fi ẹ̀dà dátà kan náà sórí kọ̀ǹpútà mẹ́ta.

Ohun kan tún wà tí ọ̀pọ̀ kò kíyè sí. Dísìkì tí alábòójútó fọwọ́ dá, ńṣe ni Kubernetes máa ń fi í sílẹ̀ bí wọ́n bá pa ìbéèrè rẹ̀ rẹ́. Èyí tí ìbéèrè fúnra rẹ̀ dá yàtọ̀: Delete ni ìlànà rẹ̀ àfi tí a bá yí i padà. Pa ìbéèrè rẹ́, dísìkì lọ, tòun ti gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀. Láti ẹ̀dà 1.8 ní ọdún 2017 ni a ti lè kọ Retain sínú StorageClass, kí dísìkì dúró. Ẹni tí tirẹ̀ ti ń ṣiṣẹ́ tẹ́lẹ̀ lè yí i padà lára PersistentVolume náà lónìí, láìdá iṣẹ́ kankan dúró.