Ìbọn ọ̀dà olówó pọ́ọ́kú: kì í ṣe ìbọn ló ń ba iṣẹ́ jẹ́

Ọ̀rọ̀ tí a gbé wá lọ́tẹ̀ yìí, inú ìpàdé ẹgbẹ́ ló ti bẹ̀rẹ̀. Àga irin mẹ́rìnlélógún tó wà nínú gbọ̀ngàn wa níbí ní Kàdúná ti dípẹtà. Ẹni tó bá wọ aṣọ funfun jókòó sórí rẹ̀, á gbé àwọ̀ ìpẹtà lọ sílé. A pe pẹ́ńtà, ó dá owó lé e, owó náà sì di àríyànjiyàn. Àwa mẹ́ta tí a máa ń fi ọjọ́ Sunday ṣe iṣẹ́ ọwọ́ kéékèèké, bíi kí a tún kẹ̀kẹ́ ọmọ ṣe tàbí kí a kan àpótí ìjókòó, a ní ẹ jẹ́ kí á ra ìbọn ọ̀dà kan ní Panteka, a ó kùn wọ́n fúnra wa.

Bàbá Alága wò wá sùn-ùn. Wọ́n ní, "Ẹ̀yin ọmọ yìí, ẹ má fi owó ẹgbẹ́ kọ́ṣẹ́ o."

A ní, "Bàbá, owó àpò wa ni. Ẹ fọkàn balẹ̀."

A ra èyí tí owó rẹ̀ kéré jù, èyí tí ife ọ̀dà wà lókè orí rẹ̀. A yá kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀, ìyẹn ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ irú èyí tí àwọn fọkanáísà ń lò, a da ọ̀dà sínú ife, a bẹ̀rẹ̀. Ká má purọ́, ìtìjú gbáà ni. Àga kìíní, ọ̀dà ń ṣàn wálẹ̀ lára rẹ̀ bí omijé. Ìkejì rí kókókókó bí èèpo ọsàn. Ìkẹta àti ìkẹrin lu ojú róbótó róbótó bí ojú ẹja, ọ̀dà kọ̀ láti dúró síbẹ̀. A bẹ̀rẹ̀ sí í bú ìbọn: "Ọjà ayédèrú ni, wọ́n ti lù wá ní jìbìtì."

A gbé e lọ bá ọkùnrin Haúsá kan tó ń kun mọ́tò ní ọgbà àwọn mẹkáníìkì. Kò tilẹ̀ wo ìbọn náà. Ó bi wá pé kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀ dà. Nígbà tí a gbé e dé, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó tú nọ́ọ̀tì kékeré tó wà lábẹ́ ikùn rẹ̀. Omi dúdú rúbúrúbú tú jáde, ó tó ife kan dáadáa. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ruwa ne." Omi ni. Ó wá fi ìbọn wa yẹn kan náà sára kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀ tirẹ̀, ó po ọ̀dà tirẹ̀ sí i, ó fọ́n ọn sára ilẹ̀kùn mọ́tò kan. Ó ń dán bíi dígí. Ìbọn tí a ti ń bú láti àárọ̀!

Ohun tí a kọ́ nìyẹn tí a fẹ́ sọ fún yín. Ìbọn olówó pọ́ọ́kú lè ṣe iṣẹ́ tó dára fún àga, kẹ̀kẹ́, fáànù, géètì kékeré àti pákó. Afẹ́fẹ́ tó ń wọ inú rẹ̀ àti ọ̀dà tí a pò sínú rẹ̀ ló máa ń ba iṣẹ́ jẹ́.

Ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ mọ bó ṣe ń ṣiṣẹ́. Tí a bá fa tírígà, afẹ́fẹ́ á kọ́kọ́ jáde, lẹ́yìn náà abẹ́rẹ́ tó dí ihò ẹnu ìbọn á fà sẹ́yìn, ọ̀dà á jáde. Afẹ́fẹ́ tó ń sáré yẹn ló ń gún ọ̀dà wẹ́wẹ́ bí ìrì. Ìgò lọ́fínńdà tí àwọn ìyá wa ń fọwọ́ tẹ̀ kò yàtọ̀ sí i. Kódà, dókítà ni baba irinṣẹ́ yìí: Dókítà Allen DeVilbiss ní ìlú Toledo, ní Amẹ́ríkà, ló ṣe ohun tí wọ́n fi ń fọ́n oògùn sí ọ̀nà ọ̀fun aláìsàn, ọmọ rẹ̀ Thomas ló wá sọ ọ́ di ohun tí a fi ń fọ́n ọ̀dà.

Tó bá ṣe pé afẹ́fẹ́ ló ń gún ọ̀dà, ẹ ó rí i pé tí afẹ́fẹ́ kò bá tó, ọ̀dà kò ní gún dáadáa, á máa bọ́ ní ègé ńláńlá. Èèpo ọsàn tí a rí lára àga kejì nìyẹn. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ìbọn yìí ni wọ́n kọ HVLP sí lára. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé afẹ́fẹ́ púpọ̀ ló ń jẹ, ṣùgbọ́n ìwọ̀nba agbára ló fi ń tì í jáde. Kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀ kékeré 25 lítà kò lè bọ́ ọ yó fún ìgbà pípẹ́. Ohun tí a ń ṣe ni pé a ó fọ́n ẹsẹ̀ àga kan tàbí méjì, a ó dúró kí ẹ̀rọ tún kún, kí a tó tẹ̀ síwájú. Ẹni tó bá jẹ́ pé kẹ̀kẹ́ ọmọ àti ohun kéékèèké nìkan ló fẹ́ máa kùn, kó kúkú ra ìbọn kékeré tí ihò ẹnu rẹ̀ jẹ́ 0.8 tàbí 1.0 mm. Ìyẹn kò jẹ afẹ́fẹ́ púpọ̀. 1.4 mm ni tiwa.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣìṣe ni aago tó ń sọ agbára afẹ́fẹ́. A kì í ka aago náà nígbà tí ìbọn dákẹ́. Ẹ fa tírígà dání kí afẹ́fẹ́ máa jáde, kí ẹ wá yí i títí yóò fi dúró síbi tí ẹ fẹ́, torí pé ó máa ń já wálẹ̀ tí afẹ́fẹ́ bá ti ń lọ. Tiwa ń ṣe dáadáa ní nǹkan bíi 30 PSI. Ẹ wo èyí tí wọ́n kọ sára tiyín. Rọ́bà tó gùn jù tó sì tín-ín-rín náà máa ń jẹ nínú agbára yẹn kó tó dé ẹnu ìbọn.

Ti omi ńkọ́? Inú afẹ́fẹ́ tí a ń mí yìí ni omi náà ti ń wá. Tí ẹ̀rọ bá fún afẹ́fẹ́ pọ̀, tó gbóná, tó sì tún tutù, omi inú rẹ̀ á sọ̀ sí ikùn ẹ̀rọ. Ẹ tú u dànù kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, kí ẹ sì tún tú u láàárín iṣẹ́. Ẹ ra asẹ́ omi kékeré tí wọ́n ń fi sí ojú ọ̀nà afẹ́fẹ́. Ẹ̀yin ará wa ní Port Harcourt, Calabar àti Wàrí, ẹ̀yin lọ̀rọ̀ yìí kàn jù, torí ojú ọjọ́ tiyín kún fún omi. Ẹ̀yin ti Kano, Sókótó àti Màídúgùrì, eruku ọyẹ́ ni ọ̀tá tiyín. Ilẹ̀ tó gbóná tó sì gbẹ tún máa ń jẹ́ kí ọ̀dà gbẹ lójú ọ̀nà kó tó dé ara irin, á wá rí ṣákaṣàka bí ìyẹ̀fun. Kùtù òwúrọ̀ ni kí ẹ fi ṣe é, kí ẹ wọ́n omi sílẹ̀ kí eruku má baà dìde.

Ọ̀rọ̀ iná náà wà ńbẹ̀. Kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀ 2 HP ń jẹ iná tó nǹkan bíi 1.5 kW, ṣùgbọ́n tó bá fẹ́ gbéra, ohun tó ń bèèrè ju ìlọ́po méjì ìyẹn lọ. Jẹnẹrétọ̀ kékeré tí a ń pè ní "I better pass my neighbour" kò lè gbé e. Ọ̀kan nínú wa gbìyànjú ẹ̀, jẹnẹrétọ̀ náà kàn ń hunrun ni. Tí iná ìjọba bá wà ṣùgbọ́n tí kò lágbára, ẹ má fi dandan tàn án. Mọ́tò ẹ̀rọ á jóná.

Ó ku ọ̀dà. Ọ̀dà gloss inú agolo ti ki jù fún ìbọn. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ife mẹ́wàá ọ̀dà sí ife kan ohun tí a fi ń pò ó, kí ẹ máa fi díẹ̀díẹ̀ kún un. Tí ẹ bá fi igi rò ó tí ẹ gbé e sókè, kó máa ṣàn tín-ín-rín kó tó máa kán. Mílíìkì agolo tí a ti fi omi díẹ̀ là ni kó jọ, kò gbọdọ̀ jọ ògì. White spirit ló yẹ gloss. Àwọn kan ń lo kẹrosíìnì. Ó ń ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n ọ̀dà á pẹ́ kó tó gbẹ, eruku á sì ti ba lé e. Tínà àwọn tó ń kun mọ́tò le jù fún un: tí gloss àtijọ́ bá wà lábẹ́, á hó, á sì ká jọ bí awọ ẹran tó kan iná. Ẹ fi sítókìn obìnrin tó mọ́ sẹ́ ọ̀dà náà kó tó wọ ife. Ọ̀dà emulsion tí a fi ń kun ògiri, ẹ fi í sílẹ̀ fún rólà.

Ojú ẹja tí a rí lára àga kẹta ńkọ́? Òróró ni. A ti jẹ dòdò kí a tó gbé àga. Lẹ́yìn tí ẹ bá fi sáńpépà ha ìpẹtà kúrò, ẹ fi ọṣẹ àti omi fọ irin, kó gbẹ, kí ẹ fi aṣọ mímọ́ tí a rẹ sínú white spirit nù ún, kí ẹ má sì fọwọ́ kàn án mọ́. Red oxide la kọ́kọ́ kùn, kí gloss tó wá.

Ibi mẹ́ta ni a ń yí lára ìbọn: ọ̀kan ń sọ bí ọ̀dà ṣe máa fẹ̀ tó, ọ̀kan ń sọ bó ṣe máa pọ̀ tó, ìyẹn èyí tó wà lẹ́yìn tírígà, ìkẹta wà fún afẹ́fẹ́. Ẹ dán an wò lára páálí kí ẹ tó kọjú sí àga. Fún ẹsẹ̀ àga, ẹ jẹ́ kí ó rí róbótó kékeré. Bí ẹ bá fẹ̀ ẹ́, afẹ́fẹ́ lásán lẹ ń kùn. Ìwọ̀n àtàǹpàkò sí ìka kékeré tí ẹ bá na ọwọ́ tán, bíi 15 sí 20 cm, ni kó wà láàárín ẹnu ìbọn àti irin. Gbogbo apá ni kó máa rìn. Tó bá jẹ́ ọrùn ọwọ́ nìkan lẹ ń jù bí ẹni ń juwọ́ sí èrò mọ́tò, àárín á nípọn, ẹ̀gbẹ́ á fẹ́lẹ́. Ọwọ́ ti gbọ́dọ̀ máa lọ kí ẹ tó fa tírígà, kí ẹ sì ti kọjá etí irin kí ẹ tó tú u sílẹ̀. Omijé àga kìíní wa, ibi tí ọwọ́ ti dúró ló ti bẹ̀rẹ̀. Ìlà kejì gbọ́dọ̀ gun ìdajì ìlà kìíní. Ẹ dojú àga dé, kí ẹ kun abẹ́ rẹ̀ àti ẹsẹ̀ rẹ̀ ná. Ẹ fọ́n ọn fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́ẹ́rẹ́, lẹ́ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dúró síbi tó kàn yìí. Ní ọjọ́ Sunday kejì, òjò ń kù, a kó àga wọ gbọ̀ngàn, a ti fèrèsé nítorí eruku. Kò pé wákàtí kan tí ọ̀kan nínú wa ní òyì ń kọ́ òun. Ó bì. A gbé e jáde sí ìta, ó jókòó síbẹ̀ títí di ìrọ̀lẹ́ kí ojú rẹ̀ tó wálẹ̀. Aṣọ tó fi bo imú kò ràn án lọ́wọ́ rárá, torí pé èéfín white spirit àti tínà ń gba inú aṣọ kọjá. Bo-imú tó ní èédú nínú, tí ó ní ife róbótó méjì ní ẹ̀gbẹ́, ni kí ẹ wá, kí ẹ sì ṣiṣẹ́ ní gbangba. Owó rẹ̀ lè fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ti ìbọn fúnra rẹ̀. Ẹ rà á.

Ọ̀dà mọ́tò alápapọ̀ méjì, èyí tí wọ́n ń da hardener sí, ẹ má fi ṣeré nílé. Ohun tí wọ́n ń pè ní isocyanate wà nínú rẹ̀, ó lè fún ènìyàn ní ikọ́ fée tí kò ní lọ mọ́, bo-imú èédú lásán kò sì tó fún un. Ọ̀dà àtijọ́ lára irin náà lè ní òjé nínú. Ẹ fi omi rin sáńpépà kí ẹ tó ha á, kí àwọn ọmọdé má sí nítòsí. Èéfín tínà máa ń gbiná, nítorí náà kí jẹnẹrétọ̀, sìgá àti ààrò alákàrà jìnnà. Ẹ má kọ ẹnu ìbọn sí ara ẹnikẹ́ni, àní eré kọ́. Kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀ tí ìpẹtà ti jẹ ikùn rẹ̀, ẹ má yá a. Ó lè bẹ́.

Tí iṣẹ́ bá parí, ẹ fọ ìbọn lójú ẹsẹ̀. Ẹ da èyí tó kù nínú ife sínú agolo, ẹ fi ohun tí ẹ fi po ọ̀dà fọ́n ọn títí tí yóò fi mọ́, kí ẹ tú ẹnu rẹ̀ fi búrọ́ọ̀ṣì fọ̀. Ẹ má fi abẹ́rẹ́ tàbí wáyà gún ihò rẹ̀, ẹ ó bà á jẹ́. Ẹ má ri gbogbo rẹ̀ sínú tínà sùn mọ́jú, rọ́bà inú rẹ̀ á wú. Tí ẹ bá rí i pé ọ̀dà ń jáde bí oṣù tuntun, tó tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan, ọ̀kan nínú àwọn ihò wẹ́wẹ́ ẹnu rẹ̀ ló dí.

Sunday mẹ́rin la fi parí àga náà. Mẹ́rin àkọ́kọ́ yẹn, a ní láti ha wọ́n kan irin ká tó tún wọn kùn. Bàbá Alága fi ìka wọ́n lára àga wọn, wọ́n wo ìka náà, wọ́n jókòó. Ìbọn náà wà nínú àpótí ẹgbẹ́ báyìí. Ẹni tó bá fẹ́ yá a, akọ̀wé á tú ẹnu rẹ̀ wò lójú rẹ̀ kó tó gbé e lọ, á sì tún tú u wò nígbà tó bá dá a padà.