"Give" Kì í Ṣe "Cede": Ọ̀rọ̀ Méjì tí Ó Dá Ẹjọ́ Sílẹ̀ ní Èkó

Bí a bá bi ọmọ ilé-ìwé léèrè ìtumọ̀ "give", wéré ni yóò dáhùn pé "fún" ni. Bí a bá sì bi í ní ti "cede", àfàìmọ̀ kí ó má tún sọ pé "fún" kan náà ni. Ẹ̀yin olùkọ́ wa, ẹ má ṣe pe èyí ní ọ̀rọ̀ kékeré. Lórí irú ìyàtọ̀ báyìí ni àwọn àgbà Ìsàlẹ̀ Èkó fi ń bá ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fà á títí wọ́n fi dé Lọ́ńdọ̀nù.

Ẹni tí ó bá ṣe "give" mú ohun tirẹ̀, ó sì sọ ọ́ di ti ẹlòmíràn. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ àárín ìjọba méjì ni "cede": ọba kan fi àkóso ìlú lé ọba mìíràn lọ́wọ́. Àṣẹ ni ó pààrọ̀ ọwọ́. A kò torí èyí gba oko àti ilé lọ́wọ́ àwọn tí ó ni wọ́n.

Ní ọjọ́ 6 oṣù Ògún, ọdún 1861, Ọba Dòsùnmú fi àmì rẹ̀ sí ìwé kan nígbà tí ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì ń bẹ lórí ọ̀sà. Ìwé "Cession" ni a ń pè é láti ìgbà náà, ṣùgbọ́n "give" ni ọ̀rọ̀ tí ó wà nínú rẹ̀: pé ọba fún Ọbabìnrin Fikitóríà ní èbúté àti erékùṣù Èkó títí láé. Ibẹ̀ ni ìjà ti bẹ̀rẹ̀.

Àwa bèèrè pé: ta ni ó ni ilẹ̀ Èkó tí ọba yóò fi fún ẹnikẹ́ni? Gbogbo ọmọ Èkó mọ̀ pé àwọn ìjòyè Ìdẹ́jọ onífìlà funfun, àwọn Olúwa, Oníru, Àrómirẹ́ àti àwọn ẹgbẹ́ wọn, ni onílẹ̀. Ìtàn wa sọ pé lórí oko ata Àrómirẹ́ ni a kọ́ Ìga Ìdúngánran fúnra rẹ̀ sí. A kì í fi ohun olóhun tọrẹ. Ìwé náà pàápàá sọ pé bí a bá ń gbé ilẹ̀ fún ẹlòmíràn, èdìdì Dòsùnmú ni yóò jẹ́ ẹ̀rí pé kò sí ọmọ ìlú mìíràn tí ó ní ẹ̀tọ́ sí i. Bí gbogbo ilẹ̀ bá ti di ti Ọbabìnrin, kí ni a tún ń wá èdìdì sí?

Ní ọdún 1913, ìjọba gba ilẹ̀ ìdílé Olúwa ní Àpápá. Ilé-ẹjọ́ Èkó sọ pé ẹ̀tọ́ àbójútó nìkan ni Olóyè Àmọ́dù Tìjání Olúwa ní, pé lórí èyí nìkan ni a ó san owó fún un. Olóyè kò gbà. Ní ọdún 1920 ó wọ ọkọ̀ lọ sí Lọ́ńdọ̀nù pẹ̀lú Herbert Macaulay. Ní oṣù Agẹmọ ọdún 1921, Lord Haldane ka ìdájọ́ Ìgbìmọ̀ Ọba: ìyípadà ìjọba kò sọ ilẹ̀ àwọn ará ìlú di ti ìjọba, owó ilẹ̀ náà sì gbọ́dọ̀ jẹ́ ti ẹni tí ó ni ín, kì í ṣe ti alábòójútó. Ọgọ́ta ọdún gbáko lẹ́yìn ìwé Dòsùnmú ni èyí.

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé ọ̀rọ̀ àtijọ́ ni. Òfin ilẹ̀ ti ọdún 1978 fi ilẹ̀ ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan sábẹ́ gómìnà. "Vest" ni ó wí, kò wí pé "give". Ó sì fi kún un pé kí gómìnà máa bá gbogbo ọmọ Nàìjíríà tọ́jú rẹ̀ fún àǹfààní wọn. Alágbàtọ́ ni a fi gómìnà ṣe. Ẹni tí a fún ní ọmọ tọ́ kò gbọdọ̀ pe ara rẹ̀ ní ẹni tí ó bí i.

Nítorí náà, ẹ̀yin olùkọ́, ẹ kọ́ àwọn ọmọ wa ní ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín fífún ni àti fífi lé ni lọ́wọ́. Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́, bí àwọn tí ẹ dìbò fún bá gbé ìwé ilẹ̀ wá síwájú yín, ẹ bèèrè ọ̀rọ̀ wo ni ó wà nínú rẹ̀ kí ẹ tó pàtẹ́wọ́. Ọ̀rọ̀ ni í yọ obì lápò, ọ̀rọ̀ náà ni í yọ ọfà lápó.