Àyọkà nípa àwọn oníròyìn tí awuyewuye yí ká

Àyọkà nípa oníròyìn tí awuyewuye yí ká jẹ́ ọ̀kan lára àwọn iṣẹ́ tó gba ìṣọ́ra jù lọ nínú Wikipedia, ìwé-ìmọ̀ ọ̀fẹ́ orí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹnikẹ́ni ló lè ṣe àtúnṣe sí i, ẹni tí wọ́n ń kọ nípa rẹ̀ sì sábà máa ń ní ọ̀tá àti olólùfẹ́ púpọ̀. Òfin tó de irú àyọkà bẹ́ẹ̀ kò lọ́jú pọ̀: ohunkóhun tó bá lè ba orúkọ ẹni tó wà láàyè jẹ́ gbọ́dọ̀ ní ìtọ́kasí tó ṣeé gbára lé. Bí kò bá ní, olóòtú yóò yọ ọ́ kúrò lójú ẹsẹ̀.

Ìbẹ̀rẹ̀ òfin náà

Oníròyìn ni ọ̀rọ̀ náà bẹ̀rẹ̀ lórí rẹ̀. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2005, ẹnìkan tí kò fi orúkọ sílẹ̀ kọ ọ́ sínú Wikipedia èdè Gẹ̀ẹ́sì pé ìgbà kan wà tí wọ́n rò pé John Seigenthaler, olóòtú ìwé ìròyìn The Tennessean ní Amẹ́ríkà tẹ́lẹ̀, lọ́wọ́ nínú ikú Ààrẹ John F. Kennedy àti ti àbúrò rẹ̀, Robert. Irọ́ gbáà ni. Olùrànlọ́wọ́ Robert Kennedy ni Seigenthaler jẹ́ nígbà kan rí. Síbẹ̀, irọ́ náà wà níbẹ̀ fún oṣù mẹ́rin ó lé, ẹni ọ̀rọ̀ kàn sì fẹjọ́ sun aráyé nínú USA Today ní oṣù kọkànlá. Ẹni tó kọ ọ́ ní àwàdà ni òun ń bá ẹnìkan níbi iṣẹ́ ṣe. Kí ọdún náà tó parí, òfin nípa àwọn ènìyàn alààyè ti bẹ̀rẹ̀.

Àpẹẹrẹ láti Ìpínlẹ̀ Oǹdó

Ọmọ́yẹlé Ṣówòrẹ́, ọmọ Kiribo ní ìjọba ìbílẹ̀ Ese-Odo, dá SaharaReporters sílẹ̀ ní New York ní ọdún 2006. Ajàfẹ́tọ̀ọ́ ni àwọn kan ń pè é, adàlúrú ni àwọn mìíràn ń pè é, àyọkà rẹ̀ kò sì gbọdọ̀ gbè sẹ́yìn ẹnikẹ́ni nínú wọn. Ní ọjọ́ 3 oṣù kẹjọ ọdún 2019, ọjọ́ méjì ṣáájú ìwọ́de RevolutionNow tó pè, àwọn ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́ DSS mú un. Ìjọba fi ẹ̀sùn ìdìtẹ̀-gbàjọba kàn án ní Àbújá. Wọ́n fi í sílẹ̀ ní ọjọ́ 5 oṣù kejìlá, wọ́n tún gbé e ní ọjọ́ kejì, ó sì jáde ní ọjọ́ 24 oṣù náà. Ní ọdún 2024, ìjọba àpapọ̀ kó ẹ̀sùn náà kúrò nílé ẹjọ́ láìsí ìdálẹ́bi.

Olóòtú tó bá kọ pé Ṣówòrẹ́ dìtẹ̀ mọ́ ìjọba ti ṣìṣe. Èyí tó kọ pé wọ́n fìyà jẹ ẹ́ láìṣẹ̀, tí kò sì sọ ẹni tó sọ bẹ́ẹ̀, ti sọ ara rẹ̀ di adájọ́. Èdè Yorùbá kò sì fi ẹnikẹ́ni sínú òkùnkùn nípa èyí: *mú*, *fẹ̀sùn kàn* àti *dá lẹ́bi* kì í ṣe ọ̀rọ̀ kan náà, bẹ́ẹ̀ ni *afurasí* kì í ṣe *ọ̀daràn*.

Ọ̀ràn Délé Gíwá tún le ju èyí lọ. Bọ́ǹbù inú lẹ́tà ló pa olóòtú àgbà Newswatch yìí nílé rẹ̀ ní Ìkejà ní ọjọ́ 19 oṣù kẹwàá ọdún 1986. Gani Fawehinmi, agbẹjọ́rò ọmọ ìlú Oǹdó, gbìyànjú láti pe òṣìṣẹ́ aláàbò méjì lẹ́jọ́, ó sì bá ọ̀rọ̀ náà dé ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ. Títí di òní, kò sí ilé ẹjọ́ kan tó dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi fún ikú náà. Ohun tí gbogbo ọjà ń sọ kò lè di gbólóhùn nínú ìtàn ìgbésí ayé ẹlòmíràn.

Ìròyìn ikú

Ní oṣù kọkànlá ọdún 1989, ìròyìn tàn kálẹ̀ pé Nnamdi Azikiwe, tó dá West African Pilot sílẹ̀, ti kú. Ọjọ́ 11 oṣù karùn-ún ọdún 1996 ni ó tó kú. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀rọ̀ rí ní Ọ̀wọ̀ ní ọdún 2023, nígbà tí àìsàn dá Gómìnà Rótìmí Akérédolú, ọmọ ìlú náà, gúnlẹ̀. Wọ́n ti ń gbé ìròyìn ikú rẹ̀ kiri kó tó kú ní Jámánì ní ọjọ́ 27 oṣù kejìlá. Òṣèlú ni, kì í ṣe oníròyìn, ṣùgbọ́n òfin kan náà ló de àyọkà rẹ̀: a kì í fi ohun tí a gbọ́ lẹ́nu èrò kọ ọjọ́ ikú, torí ìdílé aláìsàn náà ń kà á.

Ìtọ́kasí àti Wikipedia èdè Yorùbá

Ìwé ìròyìn nìkan kò tó ẹ̀rí. Àwọn ìyìn kan wà tí a sanwó fún, tí wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ bí ìròyìn. Àwọn oníròyìn kan a sì máa da ọjọ́ ìbí kọ láti inú Wikipedia, olóòtú a wá fi ìwé ìròyìn náà ṣe ẹ̀rí ọjọ́ ìbí kan náà. Ní èdè Yorùbá, Aláròyé àti BBC News Yorùbá, tó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2018, wúlò, àmọ́ kò yẹ kí a fi SaharaReporters nìkan jẹ́rìí fún ẹni tó dá a sílẹ̀.

Olóòtú Wikipedia èdè Yorùbá kò pọ̀, nítorí náà òtítọ́ tó ti di àná ló ń ṣe é ní jàǹbá ju irọ́ lọ. Àyọkà nípa Ṣówòrẹ́ tí ẹnìkan bá túmọ̀ ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2019, tí kò sí ẹni tó padà sí i, yóò ṣì máa sọ pé ó wà ní àtìmọ́lé. Nítorí èyí ni ó fi dára kí olùtúmọ̀ kọ ọjọ́ mọ́ ọ̀rọ̀ ẹjọ́, kó kọ “ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2019, ó wà ní àtìmọ́lé” dípò “ó wà ní àtìmọ́lé báyìí”.