Ṣé Lóòótọ́ Ni Bàbà Ń Tán Lọ Nínú Ilẹ̀?

Ní ìpàdé tí a ṣe gbẹ̀yìn ní Edjeba níbí, ọ̀rọ̀ wáyà ló fẹ́ẹ̀ da ìpàdé rú. Ẹ̀gbọ́n wa kan tó ń ṣiṣẹ́ iná sọ pé owó tí òun fi ń ra rólù wáyà kan lọ́dún 2022, kò lè ra ìdajì rólù mọ́. Ni bùrọ̀dá kan bá dáhùn láti ẹ̀yìn pé bàbà, èyí tí àwọn oníṣẹ́ iná ń pè ní kọ́pà, ló ń tán lọ láyé, pé kí ẹni tó bá lówó yáa ra wáyà pamọ́ bíi wúrà. Kí a tó ṣe àdúrà ìparí, àwọn méjì ti ń sọ pé àwọn á fi owó àjọ àwọn ra wáyà. Ọ̀rọ̀ owó àjọ kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré, ló jẹ́ kí a wádìí ọ̀rọ̀ náà.

Àjọ USGS ti ìjọba Amẹ́ríkà máa ń ka iye bàbà tó kù lọ́dọọdún. Nínú ìwé wọn ti 2025, wọ́n ní nǹkan bíi mílíọ̀nù 980 tọ́ọ̀nù ló wà nílẹ̀ tí èèyàn lè wà jáde kó sì jèrè. Bíi mílíọ̀nù 23 tọ́ọ̀nù ni wọ́n ń wà lọ́dún kan. Ẹ pín in, á jẹ́ ọdún 42 ó lé díẹ̀. Ó ń dẹ́rù bani, àbí? Ẹ dúró ná. Lọ́dún 1972, ìwé kan tí wọ́n ń pè ní The Limits to Growth ṣe irú ìṣirò yìí. Mílíọ̀nù 308 tọ́ọ̀nù ni wọ́n kà nígbà náà, wọ́n ní ọdún 36 ni yóò tó bí ìlò rẹ̀ kò bá pọ̀ sí i. Ọdún 36 yẹn pé ní 2008. Láti ìgbà náà, ayé ti wa iye tó tó ìlọ́po méjì ti 1972 jáde, èyí tí wọ́n sì kà pé ó kù báyìí ju tìgbà yẹn lọ ní ìlọ́po mẹ́ta.

Kò sí idán níbẹ̀. Àgbàdo inú àká ni wọ́n ń kà, wọn ò ka gbogbo èyí tó wà lóko. Bí owó bàbà bá gòkè, òkúta tí ẹnikẹ́ni kò wò lánàá á di ohun tó lérè. Wọ́n á sì tún wá kiri. Ẹ wo Kóńgò, tó ti di igbá kejì Ṣílè nínú wíwa bàbà láyé.

Ṣùgbọ́n a ò ní tàn yín. Bàbà tó rọrùn láti wà ló ń tán. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún tó kọjá, tọ́ọ̀nù òkúta kan ní Amẹ́ríkà lè mú bíi kílò 20 wá. Ní Ṣílè lónìí, agbára káká ni yóò fi ju kílò 6 tàbí 7 lọ, òkúta tó kù ni wọ́n á lọ̀, tí wọ́n á fomi fọ̀. Ibi ìwakùsà tuntun lè gba ju ọdún 15 lọ kó tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Mọ́tò oníná sì ń jẹ bàbà tó bíi ìlọ́po mẹ́ta ti mọ́tò oníbẹntiróòlù. Nítorí náà, ká má retí pé bàbà á di pọ̀ǹtọ̀.

Kí ló wá gbé owó wáyà ẹ̀gbọ́n wa lọ sókè? Náírà ni. Àwọn tó ń ṣe wáyà ní Nàìjíríà, láti òkè òkun ni wọ́n ti ń ra bàbà. (Kò bẹ̀rẹ̀ lónìí o: ìbòjú Ọbalùfọ̀n tí wọ́n fi ojúlówó bàbà ṣe ní Ifẹ̀, bàbà ibẹ̀ kì í ṣe ti ilẹ̀ Ifẹ̀, òwò ló gbé e dé.) Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù June 2023, dọ́là kan kò tíì tó náírà 500 ní báńkì. Lọ́dún 2024 ó ti kọjá 1,500. Lọ́jà London, dọ́là 8,000 sí 10,000 ni tọ́ọ̀nù bàbà kan sábà máa ń jẹ́ láàárín àkókò náà. Tọ́ọ̀nù tó jẹ́ dọ́là 8,500 nígbà tí dọ́là kan jẹ́ náírà 470, kò ju bíi mílíọ̀nù mẹ́rin náírà lọ. Dọ́là 9,000 nígbà tí dọ́là kan di 1,500 á jẹ́ mílíọ̀nù mẹ́tàlá àtààbọ̀. Ẹni tó bá fi owó àjọ ra wáyà pamọ́, orí náírà ló ń ta tẹ́tẹ́ lé.

Bàbà tó wà lọ́wọ́ wa gan-an wà nínú jẹnẹrétọ̀ tó ti kú àti fíríìjì tí kò ṣiṣẹ́ mọ́. Ẹ lè yọ́ bàbà nígbà ọgọ́rùn-ún, kò ní bàjẹ́, bíi ìdá mẹ́ta èyí tí ayé ń lò ló ń wá láti ara àlòkù. Ẹ̀yin tó ń ra àlòkù, ẹ máa béèrè ibi tó ti wá. Wáyà tí wọ́n gé lára tiransifọ́mà lóru, ẹni tí wọ́n bá bá a lọ́wọ́ rẹ̀ ni ọlọ́pàá máa ń kọ́kọ́ mú, àlejò sì ni wá nílùú yìí. Ẹ má sì jẹ́ kí àwọn ọmọ máa sun wáyà lẹ́yìnkùlé, májèlé ni èéfín rọ́bà rẹ̀.

Ohun kan tún wà: bí bàbà ṣe wọ́n ni ayédèrú ń pọ̀. Alumíníọ̀mù ni wọ́n ń fi bàbà bò lórí. Ó fúyẹ́, ó sì tètè máa ń gbóná, ilé lè gbiná. Ẹ fi ọ̀bẹ ha á: bí inú rẹ̀ bá funfun, ẹ dá a padà. Ní ìpàdé tó ń bọ̀, ẹ̀gbọ́n wa oníṣẹ́ iná á mú gidi àti ayédèrú wá ká fojú rí i. Ẹni tó bá ti ra rólù sílé, kó gé díẹ̀ dání bọ̀.