Ekòló Etí Òkun àti Epo Tí Ó Dà Sínú Omi

Kò sí ẹ̀dá tí Ọlọ́run dá tí kò ní iṣẹ́ tirẹ̀. Ní etí òkun ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, nígbà tí omi bá fà, ẹni tí ń rìn lórí iyanrìn yóò rí òkìtì kéékèèké tí ó ká jọ bí okùn. Iṣẹ́ ekòló òkun ni. Inú ihò ni ó ń gbé. A máa gbé iyanrìn mì, a mú oúnjẹ inú rẹ̀, a sì yà èyí tí ó kù síta. Bí ó ti ń ṣe bẹ́ẹ̀ ni ó ń fa omi àti afẹ́fẹ́ wọ inú iyanrìn, bí àgbẹ̀ tí ń kọ ebè. Ẹja àti ẹyẹ ń jẹ ẹ́. Àwọn apẹja a sì máa wà á láti fi dẹ ìwọ̀.

Ní ọjọ́ 18 oṣù March, ọdún 1967, ọkọ̀ Torrey Canyon, tí ó ru epo rọ̀bì tí ó tó 119,000 tọ́ọ̀nù, kọlu àpáta ní ẹ̀bá Cornwall. Epo náà sì bo etí òkun. Irú epo bẹ́ẹ̀ a máa dí ẹnu ihò ekòló, a sé afẹ́fẹ́ mọ́ ọn, oró inú rẹ̀ a sì máa pa á.

Àwọn ènìyàn sáré láti tún ibẹ̀ ṣe. Nwọ́n da oògùn ìfọ-epo tí ó tó 10,000 tọ́ọ̀nù sórí omi àti etíkun. Tinútinú ni nwọ́n fi ṣe é, ṣùgbọ́n àwọn ọ̀mọ̀wé tí ó wà ní Plymouth rí i pé oró oògùn náà ju ti epo lọ fún àwọn ẹ̀dá òkun, àti pé ó ń ti epo wọ inú iyanrìn lọ. Àwọn ẹ̀dá orí àpáta pẹ̀lú rí i bẹ́ẹ̀. Ní Godrevy, níbi tí a kò da oògùn sí nítorí àwọn ẹran òkun ńlá tí ń gbé ibẹ̀, ẹ̀dá padà bọ̀ sípò ní ìwọ̀n ọdún 3. Níbi tí a gbé da oògùn púpọ̀, ó tó ọdún 10, àti jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Kí ni ìdí rẹ̀? Àwọn ohun alààyè tí ojú kò lè rí ń bẹ nínú iyanrìn tí ń jẹ epo run díẹ̀díẹ̀, ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ ni nwọ́n fi ń ṣiṣẹ́ náà dáradára. Ekòló ni ó sì ń mú afẹ́fẹ́ tọ̀ wọ́n lọ. Ẹni tí ó bá pa ekòló nítorí àtifọ iyanrìn, òṣìṣẹ́ ni ó lé kúrò lẹ́nu iṣẹ́.

Epo ti dà sí etíkun tiwa pẹ̀lú, ní Funiwa, ní oṣù January ọdún 1980. Nítorí náà, ẹ̀yin òbí, ẹ kọ́ àwọn ọmọ yín pé kí a tó tún ibì kan ṣe, ó yẹ kí a kọ́kọ́ bèèrè ẹni tí ń gbé ibẹ̀. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.