Èémí Olùkọ́: Ìdáàbòbo Àwọn Olùkọ́ Ilé-Ẹ̀kọ́ Girama Nígbà Àjàkálẹ̀ Àrùn

Ó ṣeé ṣe kí ẹlòmíràn máa rò ó lọ́kàn pé kí ni onímọ̀ lítíréṣọ̀ ń wá nínú ọ̀rọ̀ àrùn. Lóòótọ́, èmi kì í ṣe oníṣègùn. Ṣùgbọ́n mo fi ọdún mẹ́fà ṣe olùkọ́ Yorùbá ní ilé-ẹ̀kọ́ girama kí n tó dé yunifásítì, mo sì mọ̀ pé ohùn ni ọkọ́ àti àdá olùkọ́. Láti inú èémí ni ohùn ti ń jáde, inú èémí yìí kan náà sì ni àrùn tí a fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí ń bá rìn. Kókó ọ̀rọ̀ mi ni pé, nígbà tí àrùn kòrónà dé, ọwọ́ olùkọ́ ni a fọ̀. A kò bojú tó afẹ́fẹ́ tí ó ń mí sínú.

Ẹ jẹ́ kí a rántí bí ó ti rí. Ní ọjọ́ 27 oṣù Kejì ọdún 2020 ni a mọ ẹni àkọ́kọ́ tí ó gbé àrùn náà wọ Nàìjíríà, ará Ítálì kan tí ó gba Èkó kọjá sí Ewékorò ní Ìpínlẹ̀ Ògùn. Kí oṣù Kẹta tó parí, ilé-ẹ̀kọ́ ti di títì. Nígbà tí ó yá, ìjọba àpapọ̀ ní kí àwọn ọmọ kíláàsì àṣekágbá padà wọlé ní ọjọ́ 4 oṣù Kẹjọ, nítorí ìdánwò WAEC tí yóò bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 17. Ẹ óò rántí ike omi àti ọṣẹ ní ẹnu géètì, àti ẹ̀rọ kékeré tí wọ́n ń nà sí iwájú orí ọmọ láti fi mọ bí ara rẹ̀ ti gbóná tó. Ẹ̀kọ́ ọdún 2014 ni a gbé wá sí ọdún 2020. Nígbà tí Ebola wọ Èkó lọ́jọ́sí, omi ara aláìsàn, bí ẹ̀jẹ̀ àti èébì, ni ènìyàn fi ń kó o. Ọwọ́ fífọ̀ tọ̀nà nígbà náà. Àrùn kòrónà yàtọ̀. Ọ̀pọ̀ ẹni tí ó ní in ni ara rẹ̀ kò gbóná rárá. Kì í ṣe àwa nìkan ni a ṣì í mú o: Àjọ Ìlera Àgbáyé pàápàá kéde ní oṣù Kẹta ọdún 2020 pé kì í gba inú afẹ́fẹ́ ràn, ó sì pẹ́ kí wọ́n tó yí ọ̀rọ̀ náà padà.

Bí ènìyàn bá ń sọ̀rọ̀, itọ́ wẹ́wẹ́ tí ojú kò lè rí ń bá èémí rẹ̀ jáde. Èyí tí ó tóbi nínú wọn a bọ́ sílẹ̀; èyí tí ó kéré jù a máa fò kiri inú yàrá bí kò bá rí ọ̀nà jáde. Ẹ fi wé èéfín igi ìdáná: bí fèrèsé bá wà ní títì, kọ́rọ̀ yòówù kí ènìyàn jókòó sí, èéfín yóò bá a níbẹ̀. Bí a bá sì ṣe gbé ohùn sókè tó ni itọ́ wẹ́wẹ́ náà ń pọ̀ tó. Ẹ wá wo olùkọ́ tí ó dúró níwájú ọgọ́ta ọmọ, tí òjò ń rọ̀ lórí páànù, tí jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò sì ń hó lẹ́yìn ògiri. Kí ni yóò ṣe bí kò bá kígbe?

Ilé-ẹ̀kọ́ girama kan ní Jerúsálẹ́mù ṣí padà ní oṣù Karùn-ún ọdún 2020. Ooru mú, wọ́n yọ̀ǹda kí ọmọ má lo ìbòmú fún ọjọ́ mélòó kan, ẹ̀rọ amúlétutù sì ń ṣiṣẹ́ láìsinmi. Ọmọ 35 sí 38 ni ó wà nínú kíláàsì kan. Kíláàsì tiwa a máa jù bẹ́ẹ̀ lọ. Akẹ́kọ̀ọ́ 153 àti òṣìṣẹ́ 25 ni ó kó o.

Ṣùgbọ́n èyí tí ó ń dùn mí jù kò jìnnà tó bẹ́ẹ̀. Mo ní ọ̀rẹ́ kan, olùkọ́ Yorùbá bí èmi, tí a jọ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ní oṣù Kìíní ọdún 2021, lẹ́yìn tí ilé-ẹ̀kọ́ wọlé ní ọjọ́ 18, wọ́n ṣe ìpàdé nínú yàrá àwọn olùkọ́. Ọyẹ́ ń fẹ́, eruku ń bà lé ìwé, wọ́n bá ti gbogbo fèrèsé. Wákàtí méjì ni wọ́n lò. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan, mẹ́rin nínú wọn ti dùbúlẹ̀ àìsàn. Ọ̀rẹ́ mi ní àtọ̀gbẹ. Kò dìde mọ́. N kò lè búra pé ìpàdé yẹn ni ó pa á. Ohun tí mo mọ̀ ni pé olùkọ́ a máa ṣọ́ra níwájú ọmọ, ṣùgbọ́n bí agogo ìsinmi bá ti lù, tí ó bọ́ sí àárín àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, a yọ ìbòmú, a jẹun, a rẹ́rìn-ín. Àgbà ni gbogbo wọn, ara àgbà ni àrùn náà sì ti ń le jù.

Nítorí náà, yàrá àwọn olùkọ́ ni ó yẹ kí a kọ́kọ́ tún ṣe. Kí fèrèsé ọ̀tún àti ti òsì wà ní ṣíṣí kí atẹ́gùn lè là á kọjá; kí ìpàdé bọ́ sí ìdí igi máńgòrò. Àwọn ilé-ẹ̀kọ́ míṣọ́nnì àtijọ́ mọ èyí: òrùlé wọn ga, fèrèsé dojú kọ fèrèsé. Fèrèsé onígíláàsì tí à ń tì sẹ́gbẹ̀ẹ́ lóde òní, ìdajì rẹ̀ péré ni ó ń ṣí.

Síbẹ̀, fèrèsé nìkan kò tó. Ní Kalifọ́níà, ní oṣù Karùn-ún ọdún 2021, olùkọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan tí kò gba abẹ́rẹ́ àjẹsára yọ ìbòmú láti ka ìwé sí etígbọ̀ọ́ àwọn ọmọ rẹ̀. Fèrèsé àti ilẹ̀kùn wà ní ṣíṣí. Nínú ọmọ 10 tí ó wà ní ìlà méjì iwájú, 8 ni ó kó àrùn náà. (Ìwé kíkà sókè ni iṣẹ́ mi, ẹ lè mọ bí ọ̀rọ̀ yìí ti rí lára mi.) Olùkọ́ náà ti fi ọjọ́ méjì ṣiṣẹ́ pẹ̀lú àìsàn lára. Ní tiwa, ta ni ó lè jókòó sílé nígbà tí owó oṣù lè tìdí rẹ̀ dínkù, tí kò sì sí ẹni tí yóò di kíláàsì rẹ̀ mú? Ìsinmi àìsàn tí owó kò kúrò nínú rẹ̀ jẹ́ oògùn pẹ̀lú. Ní ti abẹ́rẹ́, UNICEF ti bẹ̀bẹ̀ ní oṣù Kejìlá ọdún 2020 pé kí olùkọ́ wà lára àwọn tí a ó kọ́kọ́ fún, lẹ́yìn àwọn òṣìṣẹ́ ìlera àti àwọn tí ewu wọn pọ̀ jù. Kì í fìgbà gbogbo dènà kíkó àrùn náà, ṣùgbọ́n ó ń dín ikú kù.

Ní ọjọ́ 5 oṣù Karùn-ún ọdún 2023 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé kéde pé àrùn kòrónà kì í ṣe pàjáwìrì àgbáyé mọ́. Ikọ́ ife kò gbọ́ ìkéde náà. Inú afẹ́fẹ́ ni òun náà ń gbà ràn, ó sì wà láàárín wa.

Láìpẹ́ yìí ni mo lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ tí ọ̀rẹ́ mi ti ṣiṣẹ́. Ike omi ṣì wà ní ẹnu géètì, ó ti gbẹ. Wọ́n ti kan pákó mọ́ fèrèsé kan nínú yàrá àwọn olùkọ́ nítorí olè. Ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ ní kò sí owó irin tí wọn yóò fi rọ́pò rẹ̀. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àtijọ́ mélòó kan ti gbà láti dá owó irin náà. Ẹni tí ó bá fẹ́ dá sí i nínú yín lè rí mi lẹ́yìn ìpàdé.